Ẹ̀tù Titun Nínú Ìbọn Àtijọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́, mo gbàgbọ́ pé púpọ̀ nínú wa, láti ilẹ̀ yòówù kí a ti wá, ni ó mọ ìró ìbọn ọdẹ. Ìbọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èyí tí àwa Yorùbá ń pè ní ṣakabùlà, ìbọn ọlọ́pàá gígùn tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu.

Àbúrò bàbá mi jẹ́ ògbójú ọdẹ. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, èmi ni mo máa ń di fìtílà mú fún un bí ó bá ń ki ìbọn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀tù tán nínú àdó rẹ̀. Ó mú ọta ìbọn ìgbàlódé mélòó kan tí ó wà nílé, ó tú wọn, ó sì da ẹ̀tù inú wọn jọ. Ẹ̀tù náà kò rí bí èyí tí ó mọ̀. Ó rí pẹlẹbẹ, ó sì ń dán. Ó bu díẹ̀ sórí ewé, ó ṣáná sí i. Ẹ̀tù àtijọ́ a máa gbiná lẹ́ẹ̀kan náà, èéfín rẹ̀ a sì bo ojú. Ṣùgbọ́n èyí rọra jó bí ìwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èyí kò lágbára.” Ìdérí kan ni ó máa ń wọ̀n sínú ìbọn, méjì ni ó wọ̀n ní alẹ́ náà.

Kò pẹ́ tí ó wọ igbó ni a gbọ́ ìró kan tí kò jọ ti ìbọn. Nígbà tí a gbé e délé, ọ̀pá ìbọn ti bẹ́ láti ìdí, ìka méjì sì ti lọ ní ọwọ́ òsì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀tù. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wọ́n rántí pé òun àti ọdẹ kan ti jọ du ìgalà kan ní oṣù náà, wọ́n sì ní onítọ̀hún ni ó fi oògùn ba ìbọn jẹ́. Láti ọjọ́ náà, agbo ilé méjèèjì kò kí ara wọn mọ́. Èmi tí mo di fìtílà mú rí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí mo rí.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni ó ti yé mi. Ẹ̀tù dúdú jẹ́ àpòpọ̀ ohun mẹ́ta: potassium nitrate ìdá 75 nínú 100, èédú ìdá 15, àti imí-ọjọ́ ìdá 10. Ẹ̀tù tí kò ní èéfín yàtọ̀ sí i pátápátá. Paul Vieille, ará Faransé, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó wúlò fún ìbọn ológun ní 1884. Ìwọ̀n kan náà nínú rẹ̀ lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ̀tù dúdú. Bí ó bá ń jó ní gbangba, ó rọra ń jó, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbóná rẹ̀ rí ọ̀nà lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá há a mọ́ inú irin, bí ipá afẹ́fẹ́ náà ti ń pọ̀ ni iná ń yára, bí iná sì ti ń yára ni ipá ń pọ̀ sí i. Nígbà tí àwọn Faransé fẹ́ lo ẹ̀tù titun náà, ìbọn titun ni wọ́n ṣe fún un, Lebel ti 1886. Àwọn ìbọn tí ó ṣáájú, irú bí Snider tí àwọn Èkìtìparapọ̀ gbà láti Èkó fún ogun Kírìjì (1877 sí 1893), ẹ̀tù dúdú ni a ṣe wọ́n fún. Bí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá sì yè é lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀rí. Irin rẹ̀ lè ti sán nínú.

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, “Ṣé ìdérí kejì ni ó fà á?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú, ìdérí kan pàápàá ti pọ̀ jù.”

Kò tún sọ ohunkóhun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí n gbé obì, kí n tẹ̀lé òun lọ sí ilé ọdẹ kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ó padà lọ di olùkọ́ ní ìlú yín, bí ọdẹ bá wà níbẹ̀, ẹ má fi ẹ̀kọ́ yìí mọ sínú ìwé. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀tù tí ó rọra jó lórí ewé lè fọ́ irin.