Owó Àlọ, Owó Àbọ̀

Awakọ̀ tí ó bá já èrò sílẹ̀ ní Kétu nírọ̀lẹ́ gbọ́dọ̀ padà sí Kútọnu, ìbáà rí èrò gbé, ìbáà má rí. Ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi máa ń rọ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ. Ìyá mi, tí wọ́n fi òwò aṣọ tọ́ wa dàgbà, mọ àṣírí yìí dáadáa, wọ́n sì fi kọ́ wa. Ní Marseille tí mo ń gbé báyìí ni mo ti wá rí i pé òfin kan náà ni ó ń darí àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá.

Ọmọ Àgùdà ni ìyá mi, ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pé ẹni àádọ́rin ọdún, àwa ọmọ dá àjọ láti fi bọlá fún wọn, a sì bi wọ́n ní ohun tí ọkàn wọn fẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí Bahia, ojú omi ni àwọn sì fẹ́ gbà dé ibẹ̀, nítorí ojú omi ni wọ́n gbà kó àwọn baba ńlá àwọn lọ sóko ẹrú. Inú wa dùn, ẹ̀rù owó sì bà wá.

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń wọ ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá, díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ agbáfẹ́ tí ń ná Òkun Mẹditaréníà a máa ṣí lọ sí Brazil, níbi tí ìgbà ooru ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ Kétu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì fẹ́ ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí wọn yóò ti wo omi fún ọjọ́ bíi márùn-ún láì rí ilẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fi iye ọjọ́ pín owó rẹ̀, ó sábà máa ń dín sí ti ọ̀sẹ̀ kan láti Marseille lọ sí Ítálì àti Barcelona.

Ṣùgbọ́n iye tí a kọ sára ìwé ìpolówó kọ́ ni iye tí ń jáde lápò. Bí wọ́n bá kọ 500 yúrò, èyí tí ó súnmọ́ 328 000 séfà, ti ẹnì kan nínú ẹni méjì tí yóò jọ sun yàrá kan ni. Ẹni tí ó bá dá lọ lè san tó ìlọ́po méjì. Owó àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sábà ń wà lójoojúmọ́. Ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìrìn káàkiri nínú ìlú tí ọkọ̀ bá yà sí a sì máa ní owó tiwọn. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni owó rẹ̀ kéré jù. Atẹ́gùn òkun kan náà ni ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ yóò gbà.

Àwọn kan a máa sọ pé kí a dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ ń wá ẹni tí yóò gba yàrá tí ó ṣófo. Ìmọ̀ràn yìí dára fún ẹni tí ó ní ìwé ìrìnnà Faransé. Ẹni tí ó ní ti Benin nílò físà láti wọ Yúróòpù, ó tún nílò ti Brazil, físà kì í sì í ṣe ohun ọ̀sẹ̀ kan. Bákan náà, bí ọkọ̀ bá yà sí Tunis, físà Schengen tí ó jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè mú ènìyàn padà wọ Marseille. Ẹ̀dínwó tí ó bá wa mu ni ti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, tí àkókò ṣì wà láti tọrọ físà.

Nígbà tí mo ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: “Kí ni yóò gbé mi padà wálé?” Ọkọ̀ náà kì í padà sí Yúróòpù títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, owó bàálù láti Brazil sí Kútọnu sì ju ti ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ tí mo wò ó. Àbúrò mi ní kí a san ti àlọ ná kí ẹ̀dínwó má bàa bọ́, Ọlọ́run yóò pèsè ti àbọ̀. Ìyá mi kọ̀. Wọ́n rán wa létí pé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bahia ní 1835, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Àgùdà tí ó padà sí etíkun wa ni ó fi làálàá ara wọn san owó ọkọ̀ àbọ̀.

A ti sún ìrìn-àjò náà sí ọdún tí ń bọ̀, kí àjọ lè pé. Ọdún kan kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni àádọ́rin ọdún, gbogbo wa ni a mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá ọkọ̀ tí owó rẹ̀ rọ̀, ẹ ka owó náà láti ẹnu ọ̀nà ilé yín títí ẹ ó fi tún kan ìlẹ̀kùn náà. Iye tí ẹ bá rí nígbà náà ni iye ìrìn-àjò yín.