Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Táíwò Yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé

Ẹ̀yin ará wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ìwé owó ilé ìwòsàn ni, ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀rí ọkàn.

Kí a tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, iṣẹ́ ìṣirò owó ni a fi ń jẹun. Nítorí náà, nígbà tí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsọlọ̀ ra ètò kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n bẹ̀ wá pé kí a bá wọn ṣe ìlànà tí yóò máa tẹ̀lé. Láyé ìsinsìnyí, láti báńkì ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ti ń fi owó ránṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, kaṣíà a jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, a máa wá ẹni tó ni owó kọ̀ọ̀kan. Ètò yìí lè ṣe é fúnra rẹ̀, bí a bá ti sọ ohun tí yóò wò fún un. Àwa ní kí ó wo orúkọ ìdílé àti iye owó. Iṣẹ́ yá kánkán, inú wa sì dùn.

Ní ọjọ́ kan, ìyá ìbejì kan tó ń ta ẹja ní Oṣòdì gbé Kẹ́hìndé wá, ara ọmọ náà gbóná janjan. Kaṣíà wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ gbèsè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Kẹ́hìndé. Ẹ san án ná."

Obìnrin náà ní, "Mo ti san án o!"

Gbogbo èrò ń wò ó. Ojú tì í, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ máa lọ. A sáré pè é padà, dókítà sì tọ́jú ọmọ náà. Nígbà tí a tú ìwé wò, a rí i pé òótọ́ ló sọ. Àyẹ̀wò kan náà, iye kan náà ni àwọn ìbejì ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá wọn fi owó ránṣẹ́, ètò náà sì kọ méjèèjì sí orúkọ Táíwò tó kọ́kọ́ rí.

Kọ̀ǹpútà kò ṣẹ̀. Ohun tí a ní kí ó ṣe ló ṣe. Àwa la ṣẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àwọn tó wò mí?" A kò rí èsì fọ̀.

A tún ìlànà náà ṣe. Nọ́ńbà ìwé owó ni ètò náà ń wò ṣáájú báyìí. Bí kò bá sí nọ́ńbà, tàbí tí iye owó fi náírà 1 yàtọ̀, owó náà yóò dúró sí ọ̀tọ̀ kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ wò ó. Bí iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera, tí a ń pè ní HMO, bá san owó ọ̀pọ̀ aláìsàn pọ̀, a kì í pín in títí àkójọ orúkọ yóò fi dé, tí àròpọ̀ rẹ̀ yóò sì bá owó náà mu. Nínú ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2005, tó sì bọ́ sábẹ́ àjọ NHIA ní 2022, aláìsàn ní ìdá 10 nínú 100 tí yóò san lórí oògùn. Ìlànà kò gbọdọ̀ pa ìyẹn rẹ́, kò sì gbọdọ̀ kọ ọ́ sọ́rùn HMO. Lálaalẹ́, owó tí a ti kọ àti èyí tó dúró sí ọ̀tọ̀ gbọ́dọ̀ bá ti báńkì dọ́gba. Owó oṣù tó kọjá ni a sì fi dán gbogbo rẹ̀ wò kí a tó lò ó.

Ìwé Mímọ́ bá wa wí nípa òṣùwọ̀n èké. A ti rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́jà ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìlànà níbi iṣẹ́, nínú ìjọ tàbí nínú ilé, ẹ bi ara yín léèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i: bí ó bá ṣìnà, ta ni yóò gba ìtìjú rẹ̀? Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ máa tọ́jú rìsíìtì yín o.