Ìmọ́lẹ̀ Tó Ń Ka Ẹ̀jẹ̀ Lórí Ìka

Ẹ̀rọ kan wà tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ike méjì tí sípírìnì so pọ̀ ni, bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Tẹ ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á là. Ki ìka bọ̀ ọ́, kí èékánná kọjú sókè, rọ́bà rírọ̀ inú rẹ̀ á sì dì í mú láì dùn ọ́. Iná pupa á tàn, nọ́ńbà méjì á yọ lójú rẹ̀. Ọ̀kan ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, èkejì ń sọ iye ìgbà tí ọkàn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò kán sílẹ̀.

Iná méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀: pupa tí ojú ń rí, àti infrared tí ojú kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn máa ń jẹ́ kí iná pupa kọjá, á sì gbé èyí tó pọ̀ nínú infrared mì. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti tán ń ṣe òdìkejì. Bí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ ìka. Ìyípadà yẹn nìkan ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, òun ló fi ń mọ ẹ̀jẹ̀ iṣan àlọ yàtọ̀ sí ẹran, awọ àti egungun. Takuo Aoyagi, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló gbé ọgbọ́n yìí síta ní 1974.

Ara ọmọdé tí òtútù àyà ń bá jà ni ìwúlò rẹ̀ ti hàn gan-an. Ojú kì í tètè rí i pé ọ́síjìn ti dín kù lára ọmọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè Fáladé, oníṣègùn ọmọdé ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ náà àti ètò ọ́síjìn dé ilé ìwòsàn 12 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní lílò rẹ̀. Èsì iṣẹ́ wọn jáde ní 2019.

Ẹni tó ń sáré láàárọ̀ ní pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ring Road, Ìbàdàn, èyí tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní Liberty, lè lò ó pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọ́síjìn kọ́ ni kí sárésáré tẹjú mọ́. Bí ara bá le, láàárín 95 sí 100 ló sábà máa ń wà, ìbáà jẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Lílù ọkàn ló ń sọ̀rọ̀. Ọkàn tí eré ìdárayá ti mọ́ lára máa ń rọra lù nígbà ìsinmi. Bí eré bá sì parí, kì í pẹ́ tó fi ń balẹ̀. Bí lílù rẹ̀ kò bá fi ju 12 lọ dín kù ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó yẹ kí dókítà gbọ́ sí i.

Ẹ̀rọ náà ní ibi tó kù sí. Kútẹ́ẹ̀sì àti làálì lórí èékánná lè dí iná rẹ̀ lọ́wọ́. Ìka tí ọyẹ́ ti mú tutù, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ tó. Èyí tó kàn wá jù ni àwọ̀ ara. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé iye ìgbà tí ẹ̀rọ kò rí àìtó ọ́síjìn lára aláìsàn dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ń dá wa lọ́kàn le tí ẹni náà sì ń mí gúlegúle, ẹni náà ni kí a gbà gbọ́, kí a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìka dúdú ni ìka wa. Ẹ̀tọ́ wa ni pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí fi irú ìka bẹ́ẹ̀ dán an wò dáadáa kí wọ́n tó tà á fún wa.