Bíṣọ́ọ̀bù Tó Há

Láti ìgbà tí Tunde Onakoya ti ta chess fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, lóṣù kẹrin ọdún 2024, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ tuntun ń bi wá: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ ayò wo ló dáa jù ká há sórí?" Èsì wa ni pé, ẹ mú èyí tí ẹ mọ gbèsè rẹ̀.

Ibi ìdíje kan ní Ajah lọ̀rọ̀ yìí ti yé wa. Owó tó kù lápò ẹgbẹ́ la fi wọ dáńfó. Bí a ò bá gba ẹ̀bùn, akápò ò ní fún wa lówó ìdíje mọ́ lọ́dún yẹn. Nígbà tó di ìpele ìkẹyìn, ọ̀mì kan péré ló kù ká fi ṣe ipò kẹta. Ọwọ́ balógun wa ló wà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ló sì kàn án. Bàbá ló mú funfun.

Bàbá ti pọ́ọ̀nù sí e4, balógun wa fi e6 dá a lóhùn. French Defence nìyẹn. Ayò tí London àti Paris fi lẹ́tà ta láti 1834 sí 1836 ló bí orúkọ náà. Paris ló borí. Odi rẹ̀ le, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù kan máa ń há sẹ́yìn pọ́ọ̀nù tiwa fúnra wa, bí ọkọ̀ tó há nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah.

Lẹ́yìn d4 àti d5, Bàbá ti pọ́ọ̀nù dé e5. Ọ̀nà dí pa. Balógun wa fi c5 kọlù ú, Bàbá fi c3 gbè é. Ayaba wa bọ́ sí b6, ẹṣin Bàbá jáde sí f3, bíṣọ́ọ̀bù wa tó há sì rọra sún sí d7. Bí Bàbá ṣe gbé bíṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí e2 ni tiwa bọ́ sí b5, wọ́n sì pa ara wọn. Èyí tí kò wúlò fún wa ti kó èyí tó wúlò fún Bàbá lọ.

Bàbá wá ibi tí yóò gbà wọlé títí, kò rí i. Nígbà tí aago ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ó nawọ́: "Ọmọ mi, ọ̀mì ni. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Fóònù ni, sà. Àwa mẹ́rin la jọ ń lò ó."

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwé á sọ ibi tí a ó gbé ọmọ ayò sí. Àwa la ó mọ ohun tí a ń wá lọ síbẹ̀. Kí ẹ tó yan ìbẹ̀rẹ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí yóò há nínú àwọn ọmọ ayò yín, àti ọ̀nà tí yóò gbà jáde.

Ẹ̀bùn ipò kẹta náà la fi ra aago tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ yà wá ta.