Ìbọn Ìléwọ́ Tó Wà Lápò Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí tí mo fẹ́ jẹ́ yìí, mi ò tíì lè dìde jẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń gbé ìbọn. Ìbọn ìléwọ́ kékeré ni, àpò ṣòkòtò mi ló ń wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹ̀lùbọ́ àti ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Bissonnet, níhìn-ín ní Houston, ó wà lára mi nígbà tí a jọ ń rẹ́rìn-ín.

Òru ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú owó ọjọ́ náà lọ́wọ́. Wọ́n ti na ìbọn sí obìnrin kan tí a jọ ń tajà, níbi tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Láti ìgbà náà ni mi ò ti rí oorun sùn dáadáa mọ́. Mo gbàdúrà, mo sì ra ìbọn, tọkàntọkàn ni mo fi ṣe méjèèjì.

Ibi tí a ti wá ló jẹ́ kí ó ṣòro láti sọ. Nílé, ọdẹ ló ń gbé ìbọn, gbangba ló sì ń gbé ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká. Ẹni tó bá fi ti ìléwọ́ pamọ́ sápò, tí kì í ṣe agbófinró, adigunjalè la mọ̀ ọ́n sí. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pàápàá ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn tí ará ìlú ò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i. Èrò yẹn ni mo bá dàgbà. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìyá mi ò mọ̀.

Ọ̀tọ̀ ni òfin Texas. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin ò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé e láìgba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, mo gbàwé. 40 dọ́là ni owó ìwé, yàtọ̀ sí owó olùkọ́. Mo sì yin ọta 50 lójú ẹni tó ń dán wa wò. Ìdí tí mo fi gbàwé ni pé òfin ìjọba àpapọ̀ kò fẹ́ ìbọn lọ́wọ́ èèyàn láàárín 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé ẹ̀kọ́, àyàfi ẹni tí ìpínlẹ̀ bá fún níwèé. Èmi ni mo ń gbé àwọn ọmọ mi lọ síléèwé láàárọ̀.

Lẹ́yìn owó ilé, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé, àlòkù ni agbára mi ká. Ruger LCP ni mo rà. Ọdún 2008 ló kọ́kọ́ jáde, ọta .380 méje péré ló ń gbà, bí kò bá sì ní ọta nínú, kò wúwo tó 300 gíráàmù. Lọ́dún náà gan-an ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é pe àwọn ìbọn tí nọ́ńbà ara wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 370 padà fún àtúnṣe, torí pé wọ́n lè yìn bí wọ́n bá já lulẹ̀. Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó béèrè iye rẹ̀.

Wọ́n á sọ fún obìnrin pé ìbọn kékeré ló bá ọwọ́ rẹ̀ mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe fúyẹ́ tó ni ó ṣe ń ta ọwọ́ tó, àmì tí a fi ń wo ọ̀kánkán lórí rẹ̀ sì kéré gan-an. Àtẹ́lẹwọ́ mi máa ń pọ́n bí mo bá ti ibi ìdánrawò dé. Ọta rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju ti 9mm lọ, nítorí náà èmi ni mo ń di irun ara mi báyìí. Ibẹ̀ ni owó ọta ti ń jáde. Mi ò fi owó du àkọ̀ rẹ̀. Ìbọn yìí ò ní ohun tí a fi ń tì í, àkọ̀ tó bo tírígà dáadáa nìkan ló wà láàárín òun àti itan mi. Kọ́kọ́rọ́ ò gbọdọ̀ bá a gbé àpò kan náà, owó wẹ́wẹ́ ò gbọdọ̀ bá a gbé e. Òógùn Houston sì lè mú un dípẹtà, ẹ máa nù ún.

Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé mo lè pa èèyàn. Òfin Texas gba èèyàn láyè nígbà mìíràn láti fi ìbọn gbèjà ohun ìní rẹ̀ lóru. Èmi ò gba ara mi láyè. Bó bá jẹ́ owó gaàrí ni olè fẹ́, n ó kó o fún un. Ọmọ ẹnì kan ni olè náà. Nítorí ẹ̀mí mi àti tàwọn ọmọ mi nìkan ni ìbọn yìí fi wà lápò mi.

Ìyá mi ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. Lórí fóònù ni n ó ti sọ fún un, kó tó wọ bàálù, torí yàrá kan náà la ó jọ máa sùn. Bó bá dé, n ó fi àpótí irin tí mo ń tì í mọ́ hàn án. Bó bá ní kí n tà á, n ó kúnlẹ̀ gbọ́ ọ tán, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé n ó tà á.