Ta Ni Ákítọ̀?

Òfin kan wà tí gbogbo àwa ọmọ tó gbọ́njú sídìí kásẹ́ẹ̀tì fídíò fi ń wo fíìmù: ákítọ̀ kì í kú. Ìbọn ì báà dún lọ́tùn-ún lósì, kí ilé wó lé e lórí, Rambo ń bọ̀ wá jáde ni. Bí a bá ti dá ákítọ̀ mọ̀, ọkàn wa a balẹ̀, a ó jókòó pa sílẹ̀ ní pálọ̀ ẹni tó ní fídíò ládùúgbò.

Fíìmù àwọn apànìyàn abòjú láti Amẹ́ríkà ló da òfin yìí rú. Ẹni tí a ti yàn ní ákítọ̀ ni wọ́n á tètè pa. Ẹni tí wọ́n yìnbọn lù, tó já bọ́ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí a tún wolẹ̀ tí a ò rí òkú rẹ̀ mọ́, apànìyàn gan-an ni. Abòjú tó ń lé ènìyàn kò ṣàjèjì sí wa. Eégún ti lé wa rí. Ṣùgbọ́n eégún ní agbo ilé tó ti jáde, ó sì ní atọ́kùn tó ń dá a lẹ́kun. Ta ni atọ́kùn apànìyàn bíi Michael Myers?

Halloween tí John Carpenter ṣe ní 1978 ló bí Michael. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Òkùnkùn, dùùrù tí kò dákẹ́, àti ìbòjú funfun kan ló ń dẹ́rù bà wá. Friday the 13th ti 1980 ló sọ ẹ̀jẹ̀ di ọjà. Tom Savini, tó ti ya fọ́tò ogun ní Vietnam rí, ló ṣe àwọn ọgbẹ́ inú rẹ̀. Ọfà gba ọ̀fun ọmọkùnrin kan yọ lórí bẹ́ẹ̀dì, àwa náà di ọrùn tiwa mú.

Ó ń kó wa nírìíra, àmọ́ bí a bá gbọ́ pé apá tuntun dé, a ó tún sáré lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ò sì wá létòlétò. A lè rí apá kẹrin kí a tó rí èkíní. Ó pẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa tó mọ̀ pé kì í ṣe Jason, apànìyàn Friday the 13th, bí kò ṣe ìyá rẹ̀ ló ń pànìyàn nínú èkíní, àti pé inú apá kẹta, ní 1982, ni Jason ti kọ́kọ́ dé ìbòjú tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní 1984, wọ́n ní apá kẹrin ló kẹ́yìn. Ọdún kejì, ìkarùn-ún dé. Ní ìkẹfà, mànàmáná jí òkú rẹ̀ dìde. Ní ìkẹjọ, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí New York. Ní ìkẹwàá, ó dé ojú òfuurufú. Nínú fíìmù mìíràn, Freddy Krueger tó ń pa ọmọ lójú oorun, tó mú wa bẹ̀rù àtisùn, òun náà di aláwàdà.

Bí ẹ̀rù ti ń jáde ni nǹkan mìíràn ń wọlé. A ń ka òkú sókè, a ń pàtẹ́wọ́. A ò tilẹ̀ mọ orúkọ àwọn tí wọ́n ń pa mọ́. Òfin ìgbà èwe wa ló mú wa: bí ákítọ̀ kì í bá kú, tí Jason ò sì kú, a jẹ́ pé Jason ni ákítọ̀. Èkíní fẹ́ kí a bẹ̀rù. Àwọn tó tẹ̀lé e kọ́ wa láti wà lẹ́yìn ẹni tó mú àdá.

Ìyẹn ló ń kọ wá lóminú ju ẹ̀jẹ̀ lọ, nísinsìnyí tí a ti di òbí. Ẹ̀jẹ̀ yẹn, ayédèrú ni. Ayọ̀ wa kì í ṣe ayédèrú.

Ní 2018, Halloween mìíràn jáde tó fo gbogbo apá àárín dà nù, tó padà sọ́dọ̀ Laurie Strode, ọmọbìnrin tó yè ní 1978. Jamie Lee Curtis tó ṣe Laurie nígbà náà ló tún ṣe é, irun rẹ̀ ti funfun, tiwa náà sì ti ń funfun. Ìgbà náà ni a rí ohun tí a ò rí ní kékeré: ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú, tó wá fi ogójì ọdún há ara rẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú ìbọn, tí ọkọ ò dúró tì, tí ọmọ sì jìnnà sí.

Owó fíìmù náà wọlé, wọ́n sì tún ṣe méjì sí i, ní 2021 àti 2022. A wò wọ́n. A ó wo èyí tó ń bọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ wa bá ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àwa kan máa ń dá fíìmù dúró, a ó bi wọ́n pé: kí lorúkọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa yẹn?