Ibi Tí Ọ̀bẹ Ọlọ́nà Kò Gbọdọ̀ Dé

Bí mo bá rí ohun èlò tí wọ́n ṣe ọnà sí lára, ibi tí ọlọ́nà fi sílẹ̀ láìfín ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ibẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó ro ti ẹni tí yóò lò ó.

Ẹ wo ọpọ́n Ifá. Iṣẹ́ kún etí rẹ̀ bámúbámú: ojú Èṣù dojú kọ babaláwo, ẹyẹ àti ejò yí i ká. Àárín rẹ̀ ńkọ́? Ó tẹ́jú, ó dán, nítorí ibẹ̀ ni wọn yóò da ìyẹ̀rosùn sí, tí ìka yóò sì ti tẹ odù. Ọ̀kan tó wà ní ìlú Ulm ní Jámánì ti wà nínú ìwé àkójọ wọn láti 1659, etí náà ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ kò yàtọ̀. Ara òde ni wọ́n ń ha èèpo rẹ̀ kí funfun abẹ́ rẹ̀ lè yọ. Ta ló fẹ́ kí ẹ̀kọ àná há sínú ìfín?

Ti ìlẹ̀kùn tún yàtọ̀. Èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ìkẹ́rẹ́ kò fi àyè kankan sílẹ̀. Ère inú rẹ̀ yọ síta débi pé àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ kúrò lára igi. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó lápá kan, Ambrose, òyìnbó aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wà lápá kejì, àwọn aláàárù gbé e sórí. Mo gbà pẹ̀lú Ọlọ́wẹ̀. Iṣẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ṣí: àlejò tó ń dúró de ọba gbọ́dọ̀ rí nǹkan kà.

Ní 1924 wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley, British Museum sì fẹ́ ẹ. Ògògà kò tà á. Àga ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ohun ìlò dípò ohun ìlò, ó bá mi lára mu.

Àmọ́ àga lè dani láàmú o. Ilé ìtura kan wà tí wọ́n gbẹ́ ọ̀nì sí ibi ìfẹ̀yìntì àga wọn, pẹ̀lú ìpẹ́ gbogbo. Gbogbo èèyàn ń yà á ní fọ́tò. Èmi ní kí wọ́n bá mi wá bẹ́ńṣì.